Fèrèsé Tó Jọ Ojú Ọ̀run

Onígíláàsì náà rò pé obìnrin yẹn wá dúpẹ́ ni. Ó ń nu fèrèsé ńlá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí ilé ìkàwé, ó mọ́ gaara bí omi àfòwúrọ̀pọn. Obìnrin náà, olùtọ́jú ìwé ibẹ̀, na ìnujú kan sí i. Ẹyẹ kékeré kan wà nínú rẹ̀, ó ti kú.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé ẹ̀yin lẹ fi fèrèsé yìí?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀karùn-ún lọ́sẹ̀ yìí rèé. Wọ́n ń rí igi àti ojú ọ̀run nínú gíláàsì yín, wọ́n sì rò pé ibẹ̀ làwọn ń fò lọ."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ omi ti lé ròrò sójú obìnrin náà. Ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu. Ojú tì í, síbẹ̀ kò lè mú ojú kúrò lára rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti gbé àkàbà dé kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. "Ẹ sọ ohun tí mo máa ṣe."

Obìnrin náà ní kó fi ọ̀dà funfun sàmì tótòtó sí ìta gíláàsì náà látòkè délẹ̀, kí àlàfo ìka mẹ́ta péré wà láàárín wọn, kí ẹyẹ lè mọ̀ pé kò sọ́nà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì làwọn méjèèjì fi ń ṣe é lẹ́yìn iṣẹ́. Kí wọ́n tó kan ìsàlẹ̀, "ẹ" ti di "o," "o" sì ti di "olólùfẹ́ mi."

Ìgbà tí bàbá onígíláàsì náà gbọ́ ni wàhálà dé. Bàbá yìí ló kọ́ ọ níṣẹ́.

"Gíláàsì tó mọ́ ni wọ́n fi mọ̀ wá! Ọmọ ta ló ní kó o sọ fèrèsé di ẹyẹ ẹtù? Mi ò fọwọ́ sí i, mi ò sì fọwọ́ sí òun náà!"

"Ẹ kọ́kọ́ rí i ná, Bàbá."

Ọjọ́ Sátidé ló mú obìnrin náà wá sílé. Kò tíì kí bàbá tán tí nǹkan fi dún gbà! lára fèrèsé pálọ̀. Ẹyẹ kan ti já lulẹ̀ níta, ó ń mí gúlegúle.

Obìnrin náà sáré jáde. Ó rọra gbé ẹyẹ náà sínú páálí kan, ó pa á dé, ó sì gbé e lé bàbá lọ́wọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi dì í mú. Òkùnkùn àti ìdákẹ́jẹ́ ló nílò. Ẹ má sọ̀rọ̀ rárá."

Bàbá tó ń sọ̀rọ̀ títí kan ojú oorun! Wákàtí kan gbáko ló fi jókòó, kò wúkọ́, kò sín. Ìyàwó rẹ̀ yọjú láti ilé ìdáná, ó fọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má bàa bú jáde.

Nígbà tó yá, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í họ inú páálí. Wọ́n gbé e síta, wọ́n ṣí i. Ẹyẹ náà fò pẹ̀rẹ̀, ó di orí igi.

Bàbá wò ó títí. "Fèrèsé tí mo fọwọ́ ara mi kàn," ló sọ, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Ó yíjú sí wọn. "Níbo lẹ gbé ọ̀dà yẹn sí?"

Wọn ò tíì dáhùn tí ìyá fi pariwo. "Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń wá ẹni tó máa mú ọkọ mi dákẹ́! Ọmọ mi, tó o bá jẹ́ kí èyí lọ, èmi ni màá lọ bẹ̀ ẹ́ wá."

Ìdùnnú gba ọkàn onígíláàsì náà kan. Bàbá ti wá ọ̀dà náà rí, ó ti gun orí àga níwájú fèrèsé, búrọ́ọ̀ṣì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Olólùfẹ́ mi," ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, "ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Tètè dá a lóhùn, ìyàwó wa," bàbá sọ láìwẹ̀yìn, "iṣẹ́ pọ̀ níbí."

"Mo ti gbà," ó dáhùn, ojú rẹ̀ ń dán. "Ẹ rọra o, Bàbá, àwọn àmì yẹn ti jìnnà síra jù."