Ẹní Tí Sosaia Gé Sí Méjì

Sosaia kì í mutí, kì í sì í jalè. Ìjókòó iwájú ni tirẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní erékùṣù Vavaʻu, ní Tonga, ohùn rẹ̀ ló sì dùn jù nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ṣùgbọ́n ìkà ni.

Nígbà tí òun àti Losaline, ìyàwó rẹ̀, kọ ara wọn sílẹ̀, Losaline fi ilé, ọkọ̀ ojú omi àti ẹlẹ́dẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ẹní kan ṣoṣo ló ní òun fẹ́: èyí tí ìyá rẹ̀ olóògbé fi ọdún méjì hun, tó sì fi wé e lọ́jọ́ ìgbéyàwó bí àṣà wa.

"Ẹ̀bùn ìgbéyàwó ni," Sosaia wí. "Ṣé ìwọ nìkan lo ṣègbéyàwó ni?"

"Sosaia, orí ẹní yẹn ni ojú ìyá mi fọ́ sí."

"Ó dáa, jẹ́ ká pín in." Ó fa ọ̀bẹ yọ.

Aṣọ èèpo igi là ń gé pín ní Tonga. Ẹnikẹ́ni kì í gé ẹní. Sosaia gé e láàárín gbùngbùn, ó ju ìdajì sí i lẹ́sẹ̀. "Gbà, lọ fi tìẹ nu ilẹ̀."

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìyá Sosaia kú. Àwọn obìnrin abúlé gbé oúnjẹ wá, wọn ò gbé ẹní tí a fi ń wé òkú wá. Wọ́n ní ọ̀bẹ wà nílé yẹn. Ni àwọn ará ilé bá gbé ìdajì ẹní tó kù lọ́wọ́ Sosaia jáde láti fi wé òkú. Ó mọ lórúnkún.

"Àbúrò, ẹsẹ̀ ìyá ẹ wà níta," Meleane, ẹ̀gbọ́n Sosaia obìnrin, wí lójú gbogbo èrò. "Ṣé wàá gé ìyẹn náà ni?"

Sosaia sáré lọ bá Losaline, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun ní ìdajì tirẹ̀.

"Bó o ṣe ní kí n lò ó ni mo ṣe lò ó," Losaline dáhùn láti ojú fèrèsé. "Ó ti jẹrà." Ó pa fèrèsé dé.

Ọ̀rá tí wọ́n fi ń bo ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi di ẹsẹ̀ ìyá náà kí wọ́n tó sin ín.

Nígbà tí èrò túká, Feleti, tí òun àti Sosaia jọ ń pẹja, jókòó tì í létí sàréè. "Ọ̀rẹ́ mi, àwọn ọmọ ogun tó kan Jésù mọ́ igi pín aṣọ rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí wọ́n rí ẹ̀wù tí kò lójú rírán, wọ́n ní àwọn ò ní fà á ya. Apààyàn ni wọ́n o! Ìwọ ńkọ́?"

"Mo burú jù wọ́n lọ."

"Síbẹ̀, Jésù tọrọ ìdáríjì fún wọn. Tọrọ tìẹ."

Sosaia dojú bolẹ̀ nínú iyanrìn. Ogún ọdún ló ti ń kọrin fún Ọlọ́run. Ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ bá A sọ̀rọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Losaline. "Mo jí nǹkan ìyá rẹ. Mi ò wá bẹ̀ ẹ́ pé kó o padà."

"Mo ti gbọ́. Máa lọ."

Títí dòní, Losaline kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ohun tí ọ̀bẹ gé, ẹkún kò lè hun ún padà. Ṣùgbọ́n Kristi kò lé e.

Ìwọ tó ń ka èyí, kí ló wà lọ́wọ́ rẹ tí o kò nílò, tí o kàn dì mú kó lè dun ẹnì kejì rẹ? Má sọ pé òfin dá ọ láre. Òfin kọ́ ni yóò bá ọ wọ sàréè. Tú ọwọ́ rẹ sílẹ̀, kí o sì ké pe Jésù lónìí, nígbà tí ẹni tí o ṣẹ̀ ṣì wà láàyè láti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ.