Ẹ̀rọ Ìpọ́nbẹ Tó Dé Láti Èkó

Bí Iléyá bá ti ku ọjọ́ díẹ̀, ilé Jàmálù ní Òsì-Èkìtì ni àwọn ará àdúgbò máa ń kó ọ̀bẹ wọn wá. Àgbẹ̀ ni Jàmálù, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ ọ̀bẹ pọ́n tó o ní gbogbo agbègbè mọ́ṣáláṣí wọn. Òkúta pẹlẹbẹ kan, omi díẹ̀ àti sùúrù púpọ̀ ló fi ń ṣe é. Bó bá pọ́n ọ̀kan tán, a fi ojú rẹ̀ ha irun apá ara rẹ̀ wò, a rẹ́rìn-ín, a sì nawọ́ mú òmíràn.

Lọ́dún yìí, èjìká ọ̀tún ń dùn ún. Ó ṣubú lórí ọ̀kadà lóṣù Ẹrẹ́nà, láti ìgbà náà ni apá náà kò ti gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́. Ó sọ ọ́ fún àbúrò rẹ̀, Tájù, tó ń gbé l'Ékòó, lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi òkúta sílẹ̀," ni Tájù wí. "Ẹ̀rọ ló ń pọ́n ọ̀bẹ báyìí. Màá fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí yín."

Ọjọ́ tí Iléyá ku ọ̀la ni ẹ̀rọ náà dé, nínú àpò ìrẹsì, lọ́wọ́ awakọ̀ kan. Sàmíát, ìyàwó Jàmálù, ń bó àlùbọ́sà lẹ́yìnkùlé nígbà tí ọkọ rẹ̀ tú àpò náà. Sàmíát wò ó, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Irin wúwo kan ni, tí òkúta roboto wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì rẹ̀. Kò sí páálí, kò sí ìwé kankan. Wọ́n ti fi téèpù dúdú dí ara wáyà rẹ̀ níbi mẹ́ta. Ibi tó yẹ kí nǹkan bo òkúta náà, ihò nọ́ọ̀tì nìkan ló kù síbẹ̀.

"Bàbá Ràfíátù," ni Sàmíát wí, "ó dà bíi pé wọ́n ti yọ nǹkan kúrò lára ẹ̀rọ yìí."

"Wọ́n yọ ọ́ ká lè rí ibi tí à ń pọ́n dáadáa ni."

"Ẹ ò ṣe jẹ́ ká pe Tíṣà Ọládèjì kó wò ó?" Tíṣà Ọládèjì ti fi ọdún pípẹ́ kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ irin nílé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwọn.

"Ọ̀bẹ mọ́kànlá ló wà nílẹ̀ yìí, ọ̀la sì ni Iléyá. Bí Tíṣà bá dé, yóò jókòó tì wá, yóò máa kọ́ wa bí ọmọ iléèwé."

Ó gbé ẹ̀rọ náà lé orí bẹ́ǹṣì onípákó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ki wáyà rẹ̀ bọ iná. Ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ kùn, lẹ́yìn náà ó han. Bẹ́ǹṣì ń gbọ̀n, ẹ̀rọ náà sì ń rìn díẹ̀díẹ̀ lórí rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sá lọ.

"Bá mi dì í mú," ni Jàmálù wí.

Sàmíát fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Ó ń gbọ̀n títí dé ìgúnpá rẹ̀. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó yí ojú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ń ka súúrà kan nínú ọkàn rẹ̀.

Ọ̀bẹ àkọ́kọ́ mú kíá, iná ń ta pàràpàrà lára rẹ̀. Jàmálù gbé e sókè, ó rí i pé etí ọ̀bẹ náà ti di aláwọ̀ búlúù, ṣùgbọ́n kò kà á sí. Èkejì náà mú. Ẹ̀kẹta ni ọ̀bẹ ńlá tí ìyá rẹ̀ fi ń gé ẹran, ó nípọn, ojú rẹ̀ ti kú. Jàmálù tẹ̀ ẹ́ mọ́ òkúta náà gan-an. Ìró ẹ̀rọ náà yí padà. Nǹkan kan dún pọ́! Ọ̀bẹ já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú òsì.

Sàmíát fa wáyà yọ. Ẹ̀rọ náà ń yí lọ síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó dúró.

"Ìyá Ràfíátù," ni ọkọ rẹ̀ wí, "nǹkan wọ ojú mi." Kò pariwo, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ ju bó ṣe máa ń rí lọ. Ohùn yẹn ló dẹ́rù bà á jù.

Kò pẹ́ tí èrò fi pé. Ìyá Àrìnkẹ́, ìyá Jàmálù, jáde láti inú yàrá. Bánkọ́lé, awakọ̀ tó ń gbé ilé kejì, náà sáré wọlé.

"Ẹ bá mi gbé e jókòó," ni Ìyá Àrìnkẹ́ wí. "Ahọ́n ni mo fi yọ ti bàbá rẹ̀ ní ulé yìí, ní ọjọ́ kí ọ̀pá ọkà gún un lójú."

"Ìyá, ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ló dáa," ni Bánkọ́lé wí. "Ká fi òwú wé ṣóńṣó rẹ̀, ká rọra fà á jáde."

Jàmálù fúnra rẹ̀ ti ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ ra ojú náà. Sàmíát gbá a lọ́rùn ọwọ́ mú. Láti ọdún mọ́kànlá tí wọ́n ti fẹ́ra, kò dì í lọ́wọ́ mú báyẹn rí. "Ẹ má ra á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra á. Ẹ jẹ́ kí n pe nọ́ọ̀sì."

Olúwakẹ́mi, nọ́ọ̀sì tó máa ń fún àwọn ọmọ àdúgbò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, ló pè. Fóònù dún, ó dún, kò gbé e. Sàmíát tún un tẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ó gbé e.

"Kí ló wọ ojú wọn?" ni nọ́ọ̀sì bèèrè.

"Irin ni, tàbí òkúta. Ọ̀bẹ ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ pọ́n."

"Ẹ wo ẹyinjú náà dáadáa, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ṣé ẹ ń rí i?"

Sàmíát tẹ orí ba. "Mo rí nǹkan dúdú bíńtín kan. Bí wọ́n bá ṣẹ́jú, ojú kan náà ló wà."

"Ó ti gún ibẹ̀ nìyẹn. Ẹ fetí sí mi, Ìyá Ràfíátù. Tó bá jẹ́ eruku tó ń rìn kiri lójú ni, omi tó mọ́ la ó máa dà sí i títí yóò fi jáde. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ti gún ẹyinjú, dókítà ojú nìkan ló ń yọ ọ́. Kò gbọdọ̀ kan ahọ́n, kò gbọdọ̀ kan ìgbálẹ̀. Ẹ má kán epo sí i, ẹ má kán omi àlùbọ́sà, ẹ má kán oògùn ojú tó ṣẹ́kù sílé. Ẹ wá ife ike kékeré kan, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi dé ojú náà láìjẹ́ kó kan ẹyinjú, kí ẹ wá fi pálásítà dì í mú. Kí ẹ máa lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìdó-Èkìtì lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi ọ̀kadà gbé wọn o, yóò máa jù wọ́n sókè sódò. Màá ti pè wọ́n sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn."

Ìyá Àrìnkẹ́ ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Títí dé Ìdó? Kí ojú ọmọ mi ó fọ́ sọ́nà? Ẹ jẹ́ kí n yọ ọ́ ní ulé kí ẹ tó lọ."

Sàmíát kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á. Kò mọ̀ bóyá òun ló tọ̀nà. Ohun tó mọ̀ kò ju pé ohùn nọ́ọ̀sì dúró ṣinṣin, tòun sì ń gbọ̀n. "Ìyá mi, mo bẹ̀ yín. Bí ahọ́n bá tì í wọnú, èmi àtẹ̀yin la ó jọ máa wo ojú náà títí ọjọ́ ayé wa."

Ìyá àgbà wò ó títí. Ó yíjú, ó mú gèlè rẹ̀ lórí okùn, ó wé e. Bánkọ́lé ti lọ ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀.

Lójú ọ̀nà Ìdó, ọkọ̀ tó ń kó àgbò àti àwọn tó ń ti ìlú ńlá bọ̀ wálé fún ọdún kún títì. Bánkọ́lé ń rọra yí fún kòtò. Gbogbo kòtò tí kò yí fún, Sàmíát ń gbọ́ ọ nínú àyà rẹ̀.

"Ṣé ojú mi ti fọ́?" ni Jàmálù bèèrè.

"Mi ò mọ̀," ni Sàmíát wí. Kò lè parọ́ fún un. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú títí wọ́n fi dé.

Wọ́n ti ń retí wọn. Dókítà ojú fi ẹ̀rọ ya àwòrán rẹ̀ kó lè mọ̀ bóyá irin kan ti wọnú lọ. Ó kán oògùn tó ń mú kí ojú kú tìpìrì, ó sì yọ irin náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gún Jàmálù lábẹ́rẹ́ kí àrùn ipá má baà mú un. Nígbà tí dókítà jáde, ó fi irin náà han Sàmíát lórí òwú funfun. Kò tó ìdajì hóró ìrẹsì.

"Ta ló ní kí ẹ má fọwọ́ kàn án?" ni dókítà bèèrè.

"Nọ́ọ̀sì ni, sà."

"Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ku díẹ̀ kó lu ẹyinjú náà já. Bí ẹnikẹ́ni bá ti tì í, ohun mìíràn ni ǹ bá máa sọ fún yín. Ṣùgbọ́n mi ò tíì lè sọ bí yóò ṣe máa ríran tó. Ó di ọjọ́ mẹ́ta."

Ọdún Iléyá bá wọn ní ilé ìwòsàn. Ẹlòmíràn ló pa àgbò àwọn ará àdúgbò. Ọjọ́ mẹ́ta yẹn gùn lójú Sàmíát ju oṣù Ààwẹ̀ lọ. Ó ń ronú oko, ó ń ronú owó iléèwé, ó ń ronú bí ọkọ rẹ̀ yóò ṣe máa gun igi kòkó pẹ̀lú ojú kan.

Nígbà tí wọ́n tú aṣọ tí wọ́n fi di ojú náà, Jàmálù ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. "Mo rí fèrèsé," ni ó wí. Ó yí orí. "Mo rí yín, Ìyá. Ìyá Ràfíátù ń sunkún." Kò lè ka àwọn lẹ́tà kékeré ìsàlẹ̀ pátákó tí dókítà fi ń yẹ ojú wò. Àpá bíńtín kan wà lójú náà di òní, bí oòrùn bá mú, omi á máa jáde níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ríran.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Tíṣà Ọládèjì wá kí i. Ó ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà wá. Ó tú òkúta kan kúrò lára rẹ̀, ó fi ìka gbé e kọ́ ní ihò àárín, ó sì fi èèkù ọ̀bẹ onígi kàn án. Ó dún pà, bí ìkòkò tó ti sán.

"Ẹ gbọ́ bó ṣe dún? Òkúta tó dáa máa ń dún bí agogo. Èyí ti sán nínú, ìdí nìyẹn tó fi bu ègé irin lára ọ̀bẹ, tó ta á sí yín lójú. Ọlọ́run ló ní kó jẹ́ irin kékeré ló bà yín. Bí òkúta yìí bá fọ́ sí méjì, orí ni ì bá fọ́."

"Ṣé ẹ̀rọ náà kò dáa ni?" ni Jàmálù bèèrè.

"Ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀bù ni, kì í ṣe ẹ̀rọ ilé ìdáná. Ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á fi nọ́ọ̀tì dè é mọ́ tábìlì, ìbòrí á wà lórí òkúta, ẹni tó ń lò ó á wọ awò ààbò sójú. Ẹ ò ní ọ̀kankan nínú wọn. Wò ó, ọ̀bẹ tó di búlúù yìí náà ti bà jẹ́. Iná ti pa agbára irin rẹ̀, kò ní í pẹ́ kú."

Sàmíát ló bèèrè èyí tó wà lọ́kàn rẹ̀. "Tíṣà, irú wo ló wá yẹ nílé?"

"Àwọn kékeré kan wà tó ṣe é gbé lọ́wọ́ kan. Òkúta wọn wà nínú, ẹ ò ní í rí i. Ihò tẹ́ẹ́rẹ́ ni ẹ ó máa ti ọ̀bẹ bọ̀: ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi ihò tí òkúta rẹ̀ rí ṣákiṣàki, ẹ parí rẹ̀ níbi èyí tí tirẹ̀ kúnná. Ihò náà fúnra rẹ̀ ló ń di ọ̀bẹ mú bó ṣe yẹ. Ẹ rọra fà á láti ìdí dé ṣóńṣó, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin, ó tó. Àdá kò gbọdọ̀ wọ ọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀bẹ búrẹ́dì eléyín. Kí ẹ tó rà á, ẹ wò ó bóyá irú iná tiwa ló ń lò, torí àwọn mìíràn tó ń bọ̀ láti òkè òkun, iná wa yóò jó wọn."

"Bí apá mi bá wá sàn?" ni Jàmálù bèèrè.

Tíṣà rẹ́rìn-ín. "Òkúta yín ṣì wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó lé e lọ."

Tájù pè lálẹ́ ọjọ́ náà láti tọrọ àforíjì. Ó ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta irin àlòkù lòun ti rà á, òun kò sì bèèrè ohunkóhun.

Ẹ̀yin ará wa, ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé Jàmálù lè ṣẹlẹ̀ nílé ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀rọ ìpọ́nbẹ fún ilé, ẹ ra èyí tí òkúta rẹ̀ wà ní bíbò, tó ní ìwé ìlò, tí wáyà rẹ̀ pé. Ẹ gbé e lé ibi tó dúró ṣinṣin, tó gbẹ, kí ọwọ́ yín náà gbẹ. Ẹ lé àwọn ọmọdé jìnnà, ẹ wọ awò ààbò. Tí ẹ bá parí, ẹ yọ wáyà kúrò lára iná kí ẹ tó nu ẹ̀rọ náà, ẹ má sì fi omi fọ̀ ọ́. Ọ̀bẹ ni kí ẹ fọ̀, kí èérún irin má baà bá ọbẹ̀ wọ ikùn. Bí nǹkan bá gún ẹnikẹ́ni lójú, ẹ má ra á, ẹ má yọ ọ́, ẹ dé e, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ. Bí ẹni tí ẹ bọ̀wọ̀ fún bá ní òun fẹ́ fọwọ́ kàn án, ẹ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ẹ má gbà.

Ojú ọ̀bẹ tó bá kú, a ó tún un pọ́n. Ojú èèyàn tó bá fọ́, kò sí òkúta tí a ó fi pọ́n ọn.