Ẹ̀rọ Tí Kò Jí Mọ́ ní Ọ̀sí

“Ta ní kí o gbàdúrà lé kọ̀ǹpútà mi lórí? Mo ní, ta ló rán ọ?”

Ohùn Jonah Ayọ̀rìndé ni ó gba ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ kan ní Ọ̀sí kan ní àárọ̀ Ọjọ́rú yẹn, ní ọdún 1988. Damaris, atẹ̀wé ọ́fíìsì náà, ni ó ń bá wí. Obìnrin náà tó ìyá tó bí i lọ́jọ́ orí, síbẹ̀ “ìwọ” ni Jonah ń pè é lójú gbogbo ènìyàn.

“Ọ̀gá Ayọ̀rìndé, mi ò fọwọ́ kàn án. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí lánàá, tí mo ní kí Ọlọ́run bù kún iṣẹ́ ọwọ́ yín.”

“Irọ́! Òróró wo lo dà sínú ẹ̀? Ẹ̀rọ tí mo fi oṣù mẹ́ta kọ́ ní Ìlọrin, ìwọ tí o kò mọ̀ ju táípúráítà ògbólógbòó lọ, o wá fi àdúrà bà á jẹ́. Wò ó! Kò jí!”

“Ẹ̀rọ ni kò jí, ọ̀gá. Èmi ti jí láti aago márùn-ún.”

Àwọn tó wà lójú fèrèsé rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn wọ Jonah lára ju èébú lọ.

Òun nìkan ni ó mọ bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà náà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé, àwọn ènìyàn a máa wá yọjú wò ó bí ẹni ń wo ìyàwó tuntun, Jonah a sì máa tẹ̀ ẹ́, kò ní wojú ẹnikẹ́ni. Nínú ẹ̀rọ yìí ni orúkọ àwọn ọmọ tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún wà, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama láti Ìdòfin, Ìlọfà, Obbo-Ilé àti Ararọ̀mí-Ọ̀pin, tí wọn yóò ṣe ìdánwò àṣekágbá. Aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni mọ́tò yóò gbé orúkọ wọn lọ sí Ìlọrin. Ọmọ tí orúkọ rẹ̀ kò bá bá mọ́tò lọ, ó di ọdún mìíràn. Bọ́sẹ̀dé, ọmọ Damaris, tí ń bẹ ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin, wà lára wọn.

Ìwé tí àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ fọwọ́ kọ ńkọ́? Ẹ ṣáà gbọ́ ìgbéraga ọmọ ènìyàn. Ní ọjọ́ Ajé, bí Jonah ti kó orúkọ sínú ẹ̀rọ tán, ó di ìwé náà ní ìdì, ó gbé e fún Sikirat aláàkàrà.

“Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí a tọ́jú rẹ̀ ná,” ni Damaris wí.

“Ayé ìwé ti tán, Ìyá Bọ́sẹ̀dé. Ó kù kí Sikirat fi í di àkàrà.”

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ó dáwọ́ lé ètò tuntun. Gbogbo kọ̀ǹpútà ló ní ètò kan tí ń jí i lójú oorun, tí ń kọ́ ọ ní ohun tí yóò ṣe. Wọ́n ti fi tuntun ránṣẹ́ láti Ìlọrin, ó wà lórí dísíkì pẹlẹbẹ mẹ́ta. Jonah kọ́kọ́ da orúkọ àwọn ọmọ náà sórí dísíkì méjì mìíràn, ó ti gbogbo márààrún sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó lọ jẹun. Nígbà tó dé, ó nu inú ẹ̀rọ náà kanlẹ̀, ti àtijọ́ lọ ráúráú. Ó ki dísíkì tuntun bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Láàárín iṣẹ́, ẹ̀rọ náà dúró. Ó bi í léèrè lójú rẹ̀: kí n dáwọ́ dúró ni, kí n tún un gbìyànjú, àbí kí n fò ó?

Àwọn ènìyàn wà lójú fèrèsé. Jonah ní kó fò ó.

Ìgbà márùn-ún ni ó bèèrè. Ìgbà márùn-ún ni Jonah ní kó fò ó. Ilẹ̀ mọ́, ó tan ẹ̀rọ, ojú ẹ̀rọ dúdú bí ìdí ìkòkò, àfi ìlà funfun kan péré tó ń wí pé òun kò rí nǹkan tí yóò jí òun.

Bí ó ti lé Damaris sẹ́yìn tán, ó bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Ó yọ wáyà, ó tún un kì bọ̀ ọ́. Ó tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ó fẹ́ eruku. Ó ki dísíkì kìíní, òfo. Èkejì, òfo. Ẹ̀kẹta, òfo. Ó ki dísíkì orúkọ àwọn ọmọ, ẹ̀rọ náà kùn hùùù bí ẹni tí inú ń run, ó ní òun kò rí nǹkan kan kà. Èkejì rẹ̀, bákan náà.

Ọ̀gá àgbà, Alàgbà Adégbìtẹ́, yọrí wọlé. “Ayọ̀rìndé, orúkọ àwọn ọmọ ńkọ́?”

“Ó ń bọ̀, sà.”

Ó tún yọrí. “Ayọ̀rìndé!”

“Ó ti fẹ́ jáde, sà.”

Kò sí ohun tó fẹ́ jáde bí kò ṣe omijé.

Ẹ má rò pé kèfèrí ni Jonah o. Iwájú ni ó ń jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì bàbá rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ń dún nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ṣùgbọ́n nínú dúrọ́ọ̀ yẹn, lábẹ́ dísíkì, ońdè awọ kan wà níbẹ̀. Ọkùnrin kan ní Ìlọfà ló ṣe é fún un, kí ojúrere àwọn ọ̀gá Ìlọrin lè máa fà á sókè. Ọjọ́ Ìsinmi ti Jésù, ọjọ́ mẹ́fà tó kù ti ońdè!

Nígbà tó di ọ̀sán, Damaris padà wọlé. Ó ti sáré lọ bá Sikirat. Ewé ìwé mẹ́ta péré ni ó rí gbà, epo ti jẹ orúkọ mọ́ ọn lára. Ó fẹ́ so wọ́n pọ̀, ó wá píìnì kiri, ó fa dúrọ́ọ̀ Jonah.

“Ọ̀gá,” ni ó wí, “kí ni èyí tó hu irùngbọ̀n?”

Gbogbo píìnì inú dúrọ́ọ̀ ló ti lẹ̀ mọ́ ońdè náà, wọ́n dúró ṣọnṣọ bí ẹ̀gún ara òòrẹ̀.

Jonah wò ó. Ẹnu rẹ̀ là, kò lè pa á dé. Òòfà! Òòfà, irin tí ń fa irin, ni ọkùnrin Ìlọfà yẹn rán mọ́ inú awọ. Ọjọ́ kìíní tí ó dé kíláàsì ní Ìlọrin ni olùkọ́ ti kọ́ wọn pé òòfà ń pa ohun tí a kọ sórí dísíkì rẹ́. Jonah kọ ọ́ sínú ìwé, ó fàlà sí i nídìí. Ṣùgbọ́n òòfà ti kíláàsì lọ́tọ̀, ti ońdè lọ́tọ̀ lọ́kàn rẹ̀. Dísíkì kò mọ ìyàtọ̀.

Ó yọ̀ kúrò lórí àga, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. “Ìyá Bọ́sẹ̀dé, èmi ni mo bà á jẹ́. Kì í ṣe àdúrà yín. Ẹ gbà mí.”

Orúkọ ọmọ Damaris wà lára èyí tó parẹ́. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

“Mi ò lè gba ènìyàn là, ọ̀gá. Èmi gan-an, ẹnìkan ló gbà mí.”

“Mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mà.”

“Àga tí ẹ ń jókòó lé níbẹ̀ ti wà ní ṣọ́ọ̀ṣì kí ẹ tó dé. Ṣé ó ti rí ìgbàlà ni?”

Jonah fa ońdè náà jáde kúrò nínú dúrọ́ọ̀.

“Jésù kú fún ẹlẹ́ṣẹ̀, ọ̀gá, kò kú fún ọ̀mọ̀wé. Ẹ sọ fún un bí ọ̀rọ̀ ti rí. Ẹ má fo nǹkan kan.”

Níbẹ̀, nílẹ̀ẹ́lẹ̀, láàárín wáyà, Jonah sọ ọ́. Kò fo ìgbéraga, kò fo ońdè, kò fo obìnrin tí ó bú. Ó bẹ Jésù pé kó gba òun, nítorí òun kò ní ọgbọ́n mìíràn mọ́. Nígbà tó dìde, ẹ̀rọ náà ṣì kú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹrù kan ti kúrò lórí ọkùnrin náà. Ó gbé ońdè lọ síwájú Alàgbà Adégbìtẹ́, ó jẹ́wọ́ lójú gbogbo òṣìṣẹ́.

“Ọjọ́ méjì ló kù,” ni ọ̀gá àgbà wí. “Ẹ lọ tún orúkọ náà kó.”

Jonah mú alùpùpù. Damaris jókòó ti táípúráítà ògbólógbòó rẹ̀.

“Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ sí Ararọ̀mí-Ọ̀pin, mà,” ni Jonah bẹ̀ ẹ́. “Tìtorí Bọ́sẹ̀dé.”

“Ọ̀nà Ìdòfin ni mo ní kí ẹ gbà. Tí mo bá gbé ọmọ mi ṣáájú, ọmọ ta ni kí n fi sẹ́yìn?”

Ọjọ́bọ̀, ó kó ti Ìdòfin àti Ìlọfà dé. Ìrọ̀lẹ́, ó kó ti Obbo-Ilé dé. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó forí lé Ararọ̀mí-Ọ̀pin.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, mo ti rí ọ. O ní ìwọ kò ní kọ̀ǹpútà. Mo gbọ́! Ẹ̀ṣẹ̀ ńkọ́, o ní in àbí o kò ní in? Kí ni ń bẹ lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ? Kí lo rán mọ́ inú bàǹtẹ́? Ẹ̀rí ọkàn rẹ ń bi ọ́ léèrè, o ń wí pé kó fò ó. Ìjọ rẹ mọ ohùn rẹ, Jésù kò mọ̀ ọ́. Ronú pìwà dà lónìí! Kì í ṣe lẹ́yìn ìkórè, kì í ṣe bí o bá ti gbé ìyàwó tán. Ìwé kan ń bẹ lọ́run tí a ń kọ orúkọ sí, a ó sì pa á dé. Ọlọ́run dárí ji Jonah ní wẹ́rẹ́ tó ké pè é. Ṣùgbọ́n má ṣe tìtorí ìyẹn wí pé àyè ń bẹ.

Jẹ́ kí n sọ bí ọjọ́ Ẹtì yẹn ṣe parí fún ọ. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ Ararọ̀mí-Ọ̀pin lọ sóko, Jonah dúró dè é. Ó gba orúkọ náà, ó sáré bí ẹni tí iná ń lé. Táyà jò lọ́nà, ó fẹsẹ̀ ti alùpùpù náà wọ Ọ̀sí. Damaris dúró lẹ́nu géètì, ó ń wo ọ̀nà Ìlọrin; mọ́tò ti lọ, eruku rẹ̀ kò tíì wálẹ̀. Jonah na ìwé náà sí i. Orúkọ kìíní lórí rẹ̀ ni Bọ́sẹ̀dé.