Ta Ni Yóò Gbé Tọ́ọ̀ṣì?

Ìyèbíyè ń gbé ní Thamesmead nílùú òyìnbó, ní àjà kẹrin ilé gíga kan. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Ọwọ́ rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n owú rẹ̀ tóbi.

Lọ́jọ́ Thursday kan, ìjì jà. Fìì, fìì, fìì. Igi wó. Gíláàsì fọ́. Iná lọ.

Ìjì dákẹ́, iná ò dé. Ilẹ̀ ti ń ṣú, Mummy ò tíì ti ibiṣẹ́ dé.

Daddy ti wọ sùtánà funfun láti gbàdúrà. Ní ìjọ wọn, ẹni tó bá wọ sùtánà kì í wọ bàtà. Bàtà Daddy wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣófo.

"Iná wo la máa lò?" ni Daddy wí. Ó to mẹ́ta sórí tábìlì.

Ó tan àbẹ́là. Atẹ́gùn gba ojú fèrèsé tó fọ́ wọlé. Fùú. Àbẹ́là kú.

Ó tan àtùpà elépo. Èéfín gba ilé kan. Ihọ́, ihọ́, ihọ́. Daddy pa àtùpà.

Ó tẹ tọ́ọ̀ṣì. Kẹ́. Ògiri mọ́lẹ̀ kedere.

"Òun la yàn," ni Daddy wí. "Láńre, ìwọ lẹ̀gbọ́n. Máa gbé e."

Láńre tan án sókè. Ó tan án sílẹ̀. Ó tan án sí Ìyèbíyè lójú.

"Èmi lọ̀gá iná. Máa tẹ̀ lé mi bọ̀."

Owú ta Ìyèbíyè lára bí ata rodo. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n. Ṣé ẹ̀gbọ́n nìkan ló lọ́wọ́ ni?"

Láńre pa tọ́ọ̀ṣì, ó lọ mumi. Wéré, Ìyèbíyè yọ bátìrì. Ọ̀kan. Èjì. Ó jù wọ́n sínú bàtà Daddy. Daddy ò kúkú ní wọ bàtà.

Ohùn kan dún nísàlẹ̀. Mummy ni.

"Daddy Láńre o! Lífìtì ò ṣiṣẹ́. Àtẹ̀gùn ṣókùnkùn, gíláàsì wà nílẹ̀. Ẹ tanná sí mi."

Láńre tẹ tọ́ọ̀ṣì. Kẹ́. Kò tàn. Kẹ́, kẹ́, kẹ́.

"Mo ti bà á jẹ́," ni Láńre wí. Ó bú sẹ́kún.

Ó yẹ kínú Ìyèbíyè dùn. Inú rẹ̀ ò dùn rárá. Mummy wà nínú òkùnkùn.

Daddy bọ́ sùtánà. "N ó lọ mú un wá." Ó gbẹ́sẹ̀ sókè láti wọ bàtà.

"Daddy, ẹ má wọ̀ ọ́."

Ó ti pẹ́ jù.

"Yéè! Èkúté wà nínú bàtà mi!" Daddy fò. Láńre fò sórí àga. Gbì.

"Kì í ṣe èkúté, Daddy. Èmi ni."

"Ìwọ ló wà nínú bàtà mi?"

"Bátìrì ni. Mo jowú ni. Ẹ jọ̀ọ́. Brother Láńre, ìwọ kọ́ lo bà á jẹ́."

Wọ́n dá bátìrì padà. Kẹ́. Iná tàn. Gbogbo wọn wọ bàtà, wọ́n sọ̀ kalẹ̀.

Láńre gbé tọ́ọ̀ṣì dé àjà kẹta. Ó dúró. Ó nà án sí Ìyèbíyè. "Ó kàn ẹ́."

Àjà kan, Láńre. Àjà kan, Ìyèbíyè. Títí wọ́n fi kan Mummy.

Mummy ṣí báàgì rẹ̀. "Ìyèbíyè, mo ra tọ́ọ̀ṣì tìẹ wá ní Woolwich."

Ojú Láńre rọ̀. Ìyèbíyè mọ irú ojú yẹn dáadáa.

"A ó jọ máa gbé e," ló wí. Ó tẹ tọ́ọ̀ṣì tuntun. Kẹ́.

Kò tàn. Kò sí bátìrì nínú rẹ̀.

Gbogbo wọn wo Ìyèbíyè. Daddy yára bọ́ bàtà, ó yẹ inú rẹ̀ wò.

"Èmi kọ́ lọ́tẹ̀ yìí o," ni Ìyèbíyè wí.

Tọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo ni wọ́n tàn gòkè. Ẹ̀rín ni wọ́n rín délé.