Ohùn Tó Wà Lọ́wọ́ Rengganis

"Gilang, ṣebí ìwọ ni olórí kíláàsì, wá nǹkan ṣe sí i!" Yayat yọ ṣùtì. "Ṣé adití ló máa bá wa gba ife ẹ̀yẹ nínú ìdíje orin ní ìlú Bandung?"

"Rọra sọ̀rọ̀ o."

"Kí ta ni má baà gbọ́? Òun?" Yayat bú sẹ́rìn-ín.

Rengganis tí wọ́n ń sọ wà nítòsí wọn níbẹ̀, ó ń nu angklung rẹ̀. Ohun èlò orin tí wọ́n fi ọparun ṣe ni angklung, mímì ni wọ́n ń mì ín kó tó dún, ohùn kan ṣoṣo ló sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó lè dá orin kọ. Bu Imas, olùkọ́ wọn obìnrin tí wọ́n ń pè ní Bu, ti fún Rengganis ní ohùn "so". Ọwọ́ ni Bu Imas fi ń darí wọn: bó bá ti na àtẹ́lẹ́wọ́ gbalaja, "so" ló ń pè. Rengganis kì í gbójú kúrò lára ọwọ́ náà. Òótọ́ ni pé ó máa ń pẹ́ díẹ̀ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, Yayat ò sì gbàgbé.

Lọ́jọ́ ìdíje, nígbà tí àwọn yòókù ń múra, Gilang yọ rọ́bà kúrò lára ọ̀rá ìpanu rẹ̀, ó fi so angklung Rengganis pinpin kó má baà dún. Ó ní òun ń gba kíláàsì òun là. Irọ́ ló ń pa fún ara rẹ̀.

Orin bẹ̀rẹ̀. Bu Imas na àtẹ́lẹ́wọ́, kẹ́kẹ́ pa. Ó tún nà án, kò sóhun tó dún. Orin náà wá dà bí ẹnu tí eyín iwájú rẹ̀ ti yọ, àwọn èèyàn sì ń rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀.

Rengganis ló kọ́kọ́ mọ̀, torí nǹkan kan ò gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yí angklung náà padà, ó rí rọ́bà, ó fà á yọ, ó kó o sọ́rùn ọwọ́, ó sì gbójú sókè. "So" tó tẹ̀ lé e dún ketekete, kò sì tún ṣì í mọ́. Gilang ló wá ń wò ó tìyanu-tìyanu, tí kò rí i nígbà tí ohùn tirẹ̀ kàn. Ẹni tí etí rẹ̀ pé ló ba ìparí orin jẹ́. Wọn ò rí ipò kankan mú.

"Ta ló so rọ́bà mọ́ angklung yìí?" Bu Imas bi wọ́n nínú ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ń padà sílé.

Yayat kọjú sí fèrèsé. Gilang dìde. "Èmi ni, Bu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo rò pé kò ní mọ̀ bóyá ó dún tàbí kò dún ni." Ó kọjú sí Rengganis kó lè rí ẹnu rẹ̀. "Forí jì mí."

Inú ń bí Rengganis, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó gbé angklung fún Gilang, ó fi ọwọ́ méjèèjì dí i létí, ó sì mi orí sí i pé kó mì ín. Gilang mì ín. Ohùn náà gba àtẹ́lẹ́wọ́ rẹ̀ wọlé títí dé ìgúnpá. Ojú tì í gan-an, omi sì lé sí i lójú.

"Bu, mo gbọ́ ọ o!"

Rengganis yọ rọ́bà lọ́rùn ọwọ́, ó ta á mọ́ ọn nímú, tàì! Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín, títí kan Gilang fúnra rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbẹ́ Rengganis ni Gilang ń dúró sí. Bó bá ń wo ibòmíràn, ìgúnpá ni Rengganis fi ń jí i. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí ẹ bá ti ẹnì kan sẹ́yìn nínú kíláàsì yín, orin gbogbo yín ni yóò lálàfo.