Ìlù Tí Wọ́n Gbé Lé Ìlù Aago

Nínú yàrá ìgbohùnsílẹ̀ rẹ̀, Ọ̀gá Etí ti pa ìlù tí onílù kan tó ń jẹ́ Aago lù lẹ́nu mọ́ nínú orin kan láàárọ̀, ó sì ti fi ìlù kọ̀ǹpútà rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó di ọ̀sán, ìlù Aago ti padà sínú orin.

Kò kọ́kọ́ bẹ̀rù. Àwọn tó sọ ọ́ ní Ọ̀gá Etí ò kúkú purọ́. Bí ẹ̀fọn bá fò kọjá níwájú gbohùngbohùn, á mọ ibi tó gbà. Inú yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ti gba orin náà sílẹ̀, dùùrù, gìtá àti ìlù lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà gbohùngbohùn dùùrù ti gbọ́ ìlù mọ́ tirẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ ò le: kéèyàn gbé ìlù tuntun tó ki lé e, kó bò ó mọ́lẹ̀. Ó gbé e lé e, ó tẹ̀ ẹ́ kó máa dún, ó sì fetí sí i dé òpin.

Dùùrù kásẹ̀ nílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Ni nǹkan bá ní kò, kò, kò, kò.

Igi ìlù méjì tó ń kan ara wọn ni, bí Aago ṣe máa ń kà á kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Háà! Ta ló ń ka ìbẹ̀rẹ̀ nígbà tí orin ti parí? Ọ̀gá Etí wo ojú kọ̀ǹpútà. Ìlà ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí ohùn kankan lórí rẹ̀. Ó tún un gbọ́. Kò, kò, kò, kò. Ìgbà yìí ni ẹ̀rù bà á.

Láti ìgbà àpọ́n ni òun àti onílù yìí ti jọ ń ṣiṣẹ́. Nítorí pé ọwọ́ ọkùnrin náà kì í yẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é ní Aago. Òfin kan ló wà láàárín àwọn méjèèjì: onílù ò gbọdọ̀ gbé igi sílẹ̀ àfi tí Ọ̀gá Etí bá ti ẹ̀yìn gíláàsì tẹ bọ́tìnnì, tó sì sọ sí i létí pé, “Ó ti wọlé,” ìyẹn ni pé ìgbàsílẹ̀ náà ti dáa. Ìtọ̀ ì báà máa gbọn Aago, kò ní dìde. Á ní, “Ọ̀gá ò tíì ní ó wọlé o.” Wọ́n á sì rẹ́rìn-ín títí.

Oṣù méjì sẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀mejìlá ni wọ́n gba orin yìí. Lẹ́yìn ìkọkànlá, Aago rọra sọ̀rọ̀.

“Ọ̀gá, apá òsì mi ń kú. Àyà ń fún mi. Ṣé ká fi í di ọ̀la?”

“Ìwọ Aago, pẹ̀lú àwáwí? Lẹ́ẹ̀kan sí i, jàre.”

Ó tún lù ú. Ní ìgbà kejìlá, ìlù náà ń falẹ̀ lápá ìparí, bí ẹni tó ru ẹrù gun àtẹ̀gùn. “Kò dáa. Òmíràn,” ni Ọ̀gá Etí wí, ó sì jáde lọ dáhùn fóònù. Nígbà tó máa fi padà dé, Aago ti dorí kodò lórí ìlù, ó ti kú, igi méjèèjì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá Etí sọ fún gbogbo èèyàn pé àwọn ń sinmi ni, pé ọkùnrin náà ò ráhùn rárá.

Nígbà tí àwọn tó fẹ́ fi orin náà sínú fíìmù wá sọ pé ìlù rẹ̀ ń falẹ̀, kíá ló ní òun á pààrọ̀ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn pé òun ò ní máa gbọ́ ìlù tó ń kú lọ yẹn mọ́. Ojú sì tì í pé inú òun dùn. Ó kúkú mọ̀ pé ìyàwó Aago ti bẹ òun: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ibẹ̀ nìkan ló kù tí àwọn ọmọ ti lè gbọ́ bàbá wọn.” Ọ̀sán ọjọ́ tó pààrọ̀ rẹ̀ yìí gan-an ni obìnrin náà sì ń bọ̀ wá gbọ́ ọ.

Ó dé, ó jókòó sí etí àga, ó gbé àpò rẹ̀ lé itan. Ọ̀gá Etí tẹ orin. Kò lè wo ojú rẹ̀.

“Èyí kì í ṣe ọwọ́ ọkọ mi,” ni obìnrin náà wí, kí orin tó parí.

Dùùrù kásẹ̀ nílẹ̀. Kò, kò, kò, kò.

Obìnrin náà ò ta gìrì. Ńṣe ló mi orí díẹ̀díẹ̀. “Ẹ̀yin náà ń gbọ́ ọ, àbí? Ojoojúmọ́ ló ń lù ú lórí tábìlì wa. Tó bá ti lu mẹ́rin, á dákẹ́, bí ẹni tó ń retí èsì. Mo ti gbàdúrà, mo ti sunkún, mo ti ní kó máa lọ. Mo wá wo ẹni tó ń dúró dè ni.”

Ọ̀gá Etí dìde lórí àga. Ó kúnlẹ̀.

“Ó sọ fún mi pé àyà ń fún òun. Èmi ni mo ní lẹ́ẹ̀kan sí i. Èmi ni mo ní òmíràn. Mo wá purọ́ fún yín níwájú òkú rẹ̀.”

Obìnrin náà wo àga onílù tó ṣófo lẹ́yìn gíláàsì. 

“Ẹ dá a sílẹ̀,” ló wí.

Ọ̀gá Etí tẹ bọ́tìnnì.  “Aago. Ó ti wọlé.”

Lẹ́yìn gíláàsì, níbi tí ẹnikẹ́ni ò jókòó sí, wọ́n gbọ́ tí igi kan balẹ̀ lórí awọ ìlù, wọ́ọ́rọ́wọ́. Èkejì tẹ̀ lé e. Àga onílù dún kẹ̀ẹ̀kẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá dìde kúrò lórí rẹ̀.

Ìyàwó Aago nu ojú rẹ̀, ó gbé àpò kọ́ apá. Ẹnu ọ̀nà ló dé kó tó bojú wẹ̀yìn.

“Ọkọ mi ti lọ sinmi. Ṣùgbọ́n èmi ò tíì sọ pé ó tó fún yín o, Ọ̀gá Etí.”

Ọjọ́ náà ni Ọ̀gá Etí dá ìlù Aago padà sínú orin, tòun ti fífalẹ̀ rẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, kò gbọ́ nǹkan kan lẹ́yìn orin mọ́. Ṣùgbọ́n tó bá jókòó ti oúnjẹ, ọwọ́ òsì rẹ̀ á dá gbéra, á lu tábìlì lẹ́ẹ̀mẹrin, á sì dúró. Ọ̀gá Etí náà á gbé ṣíbí sílẹ̀, á máa wo ọ̀nà, á máa retí ohùn obìnrin kan tó máa ní ó ti tó.