Bàbá Tí Kò Dé Èkó Rí

Ohun tó kọ́kọ́ kọ Kaothar lóminú ni pé baba ọkọ rẹ̀ kò bèèrè ọ̀nà. Ọjọ́ kẹta tí Bàbá ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé sílé wọn ní Àgídìngbì nìyẹn. Kí Shuaib, ọkọ rẹ̀, tó jáde lọ síbi iṣẹ́, ó ní kí Kaothar mú Bàbá lọ wo ìlú.

"Bàbá mi ò dé Èkó rí láyé wọn," ló wí. "Rọra máa fọ̀nà hàn wọ́n."

Àmọ́ Bàbá ló ṣíwájú. Ibi tó yẹ kí wọ́n ti yà, wọ́n yà. Nígbà tí wọ́n dé Aláúsá, tí Kaothar ń fi àwọn ilé ìjọba ńláńlá hàn wọ́n, Bàbá mirí.

"Oko ẹ̀gẹ́ ni gbogbo ibí yìí tẹ́lẹ̀."

"Ta ló sọ fún yín, Bàbá?"

Wọ́n fa fìlà wọn wálẹ̀ dé ìpéǹpéjú. "Mo kàn rò bẹ́ẹ̀ ni."

Kaothar gbé e mì. Wọ́n dé Computer Village, níbi tí àwọn oníṣòwò fóònù ti ń fa aṣọ èèyàn. Ní Òtígbà, Bàbá dúró ṣinṣin níwájú ilé kan, wọ́n fọwọ́ kan ògiri rẹ̀.

"Igi máńgòrò wọn dà?"

Ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe gbójú sókè. Ó ní òun gbọ́ lẹ́nu onílé pé igi máńgòrò kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti gé e kí wọ́n tó bí òun.

Oòrùn mú ganrínganrín. Òógùn ti rin híjáàbù Kaothar gbindingbindin, àmọ́ dàńṣíkí Bàbá gbẹ bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ ọ́. Nígbà tó di ọwọ́ wọn mú láti sọdá títì, ọwọ́ náà tutù bí irin tó sùn síta. Àbí Bàbá ní ìyàwó kan lágbègbè yìí, tí wọ́n ti fi pamọ́ fún gbogbo ilé láti ọjọ́ yìí wá?

"Ẹ jẹ́ ká lọ wo ọkọ̀ ojú irin tuntun ní Agége, Bàbá."

Ojú Bàbá yí padà. "Ibẹ̀ kọ́. Jẹ́ ká máa lọ sílé."

Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí Kaothar fẹ́ tú u wò. Ó dá kẹ̀kẹ́ Márúwá dúró, ó purọ́ fún Bàbá pé ilé ni àwọn ń lọ, ó sì yọ́ sọ Agége sétí awakọ̀.

Ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin ni wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀. Ó di ọrùn ọwọ́ Bàbá mú dáadáa. Bàbá arúgbó kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá ọgbà. Ó wò wọ́n, ó dìde, ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àlàmú?"

"Rárá o, Bàbá," Kaothar dáhùn. "Bàbá ọkọ mi ni wọ́n. Lásísì ni wọ́n ń jẹ́."

Arúgbó náà kò tiẹ̀ wò ó. "Àlàmú, èmi Gbénró ni. Yàrá kan náà la jọ ń gbé ní Òtígbà. Ìwọ nìyí?"

Bàbá yíjú sí Kaothar. Wọn ò bínú. Ojú ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ ni wọ́n fi wò ó.

"Mo sọ pé ká máa lọ sílé," ni wọ́n wí wúyẹ́wúyẹ́.

Ọkọ̀ ojú irin já wọlé, eruku bo ojú Kaothar. Kó tó nù ún tán, àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ nìkan ló dì mú. Kò sẹ́nì kankan níwájú rẹ̀.

Bàbá Gbénró ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Àkúdàáyà! Ojú irin yìí ló pa á lọ́dún 1983. Èmi wà lára àwọn tó gbé e sínú sàréè, ọmọ mi. Ọwọ́ mi yìí ló bu yẹ̀pẹ̀ bò ó."

Ọdún 1988 ni wọ́n bí Shuaib.

Fóònù dún nínú báàgì Kaothar.

"Ṣé ẹ ń gbádùn ìgboro?" Shuaib ń rẹ́rìn-ín. "Gbé fóònù fún bàbá mi, kí n kí wọn."

Kaothar tẹ fóònù mọ́ etí, ó ń gbọ́ bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń mí, ó sì ń fetí sí i dáadáa, bóyá èémí alààyè ni lóòótọ́.